Yékínì Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá gun àtẹ̀gùn wá sí ọ́fíìsì wa l'Ókè-Fíà,
ó fi ọwọ́ kan di irin mú,
ìwé owó méjì wà ní ọwọ́ kejì,
wọ́n jọra bí ìbejì tí a rán aṣọ kan náà fún.
"Àwẹ̀ró, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sin reluwé ní Òṣogbo níbí.
Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sìn wọ́n. Kí ló dé tí ẹ fi san án lẹ́ẹ̀mejì?"
Ó ti ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà sọ́tọ̀, ó fi rọ́bà dì í.
Mo ní, ẹ má bínú, bàbá, ẹ̀rọ ló ṣì í.
Ó wò mí.
"Ẹ̀rọ? Ta ló kọ́ ọ?"

N kò fèsì.

Igba orúkọ ó lé mẹ́ta ló wà nínú fáìlì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn.
Yékínì ló gbẹ̀yìn, nítorí Y ni ìrù a-bí-dí wa.
Iná lọ ní agogo mẹ́jọ.
Mo ń ka ohun tí èmi fúnra mi kọ ní èdè C
bí ẹni ń ka lẹ́tà ọ̀tá.
Mo fẹ̀sùn kan fáìlì: bóyá àlàfo kan lúgọ sí ìdí rẹ̀. Kò sí.
Mo fẹ̀sùn kan Ṣàkírù tó tẹ orúkọ. Ọmọ ọlọ́mọ ti sùn.
Ó wá ku ìlà kan, lẹ́tà mẹ́rin nínú rẹ̀, f, e, o, f:
níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì tán, kà á, kí o tẹ̀ ẹ́ jáde.
Ó dùn létí.

Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Bí ọyẹ́ bá dé, ìyá mi á ní kí n lọ wò ó bóyá omi ti tán.
Màá dorí kodò, màá rí òkùnkùn, màá pariwo, "Kò tíì tán!"
"Ojú lo fi ń wọn omi? Ju garawa sí i."
Àfi ìgbà tí garawa bá ró gbàù lórí òkúta, tó gòkè lófìfo,
ìgbà yẹn ni kànga tó mọ̀ pé òun ti gbẹ.

Wíwo ni mo kọ́ ẹ̀rọ, n kò kọ́ ọ ní bíbù.
Nígbà tó bu Yékínì tán, ó bi fáìlì pé, ṣé ó ti tán?
Fáìlì ò purọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì kan ìdí rẹ̀. Ó ní, rárá.
Ẹ̀rọ tún ju garawa, garawa gòkè lófìfo,
kò wo inú rẹ̀,
ó yíjú sí àwo tí omi ìṣáájú ṣì wà nínú rẹ̀,
ó sì tún bu Yékínì fún wa.

Mo pa ìlà náà rẹ́.
Mo ní: bù ú, kí o wo ọwọ́ rẹ. Bí ọwọ́ bá ṣófo, dúró.
Kò gùn tó ìka mi.
Bátìrì ku ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí mo dán an wò.
Igba ó lé mẹ́ta. Mo tún un kà.
Yékínì, lẹ́ẹ̀kan, nísàlẹ̀ pátápátá,
lẹ́yìn rẹ̀, funfun.

Lọ́jọ́ Ajé mo bá a lórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ reluwé,
koríko ti yọ láàárín irin.
Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ, bàbá."
Ó rẹ́rìn-ín, ó sún fún mi.
Mo bi í bóyá reluwé ti tán ní ìlú yìí.
"N ò tíì mọ̀," ló wí,
ó sì tún dẹ etí sí ojú irin.